ÌWỌDÒ JỌ́DÁNÌ NÍ ABOBO GARE

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìjọ sọ ní Abobo Gare, Abidjan, ilẹ̀ Côte d'Ivoire



Inú Ìwé Àwọn Onídàjọ́, orí kejìlá, ni a ti mú ọ̀rọ̀ wa. Ẹ rántí pé àwọn ará Gílíádì àti àwọn ará Éfúráímù jà. Nígbà tí àwọn ará Éfúráímù ń sá padà sí ilé, àwọn ará Gílíádì gba ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n sì ń sọ fún olúkúlùkù tí ó fẹ́ kọjá pé kí ó pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Ṣíbólẹ́tì. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò bá gbé e, tí ó pè é ní Síbólẹ́tì, wọn a pa á. Bíbélì sọ fún wa pé 42,000 ni ó ṣubú. Ọmọ Ísírẹ́lì ni àwọn méjèèjì, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n sì ń sìn. Ahọ́n lásán ni wọ́n fi ṣe àmì ikú.

Ìwé kan ni ó mú wa ronú jinlẹ̀ lórí ìtàn yìí. Ahmadou Kourouma, ọmọ Boundiali ní apá àríwá ilẹ̀ yìí, ni ó kọ ọ́ ní èdè Faransé, orúkọ rẹ̀ sì ni Quand on refuse on dit non. Òǹkọ̀wé náà kú ní ọdún 2003 kí ó tó parí rẹ̀. Ọdún 2004 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni ó dá lé. Birahima, ọmọdékùnrin tí ó ti gbé ìbọn rí ní Liberia, wà ní Daloa nígbà tí ìpakúpa dé bá àwọn Júlà, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Òun àti Fanta, ọmọbìnrin lémọ́ọ̀mù, sá kúrò níbẹ̀, wọ́n kọrí sí Bouaké. Bí wọ́n ti ń rìn lọ́nà ni Fanta ń kọ́ ọ ní ìtàn orílẹ̀-èdè náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, nítorí ẹni tí kò mọ bí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni ó rọrùn láti rán lọ sí ojú ogun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí pé ogun Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí ni ogun náà. Ẹ jẹ́ kí a wádìí rẹ̀ wò. Ìjà ilẹ̀ oko kòkó wà níbẹ̀, láàárín onílẹ̀ àti àwọn àlejò tí wọ́n ti ń roko níbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ìjà ìwé ọmọ-ìlú wà níbẹ̀. Ìjà ipò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òfin ilẹ̀ ti ọdún 2000 sọ pé ẹni tí yóò bá du ipò Ààrẹ, ọmọ ilẹ̀ yìí ni bàbá àti ìyá rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọdún 2016 ni a tó tún òfin náà ṣe. Nígbà tí ọ̀ràn wọ̀nyí ti gbóná tán ni àwọn kan wá tọ́ka sí i pé púpọ̀ nínú ará àríwá jẹ́ Mùsùlùmí, púpọ̀ nínú ará gúúsù sì jẹ́ Krìstẹ́nì. Ẹ̀sìn kọ́ ni ó dá iná náà, ṣùgbọ́n a fi í ṣe igi tí a ń kó sí i. Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Báyìí ni a fi fa ìlà la àárín ilẹ̀ kan náà, tí ó di ilẹ̀ méjì, títí àdéhùn àlàáfíà fi dé ní ọdún 2007.

Ẹ wo ibi tí a dúró sí yìí. Ojú irin ni ó fún Abobo Gare ní orúkọ. Ojú irin yìí ni ó gba Bouaké kọjá, tí ó sì dé Ouagadougou ní ọdún 1954. Ó kó ará àríwá wá. Àwa tí wọ́n ń pè ní Anàgó sì ti etí òkun wá, láti Ẹjigbo, Ogbomọ̀ṣọ́, Inísà àti ibòmíràn. Àwọn Ébrié, onílẹ̀, ni a bá níbẹ̀. A jọ ń tajà, a jọ ń wọ gbàká kan náà.

Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2011, lẹ́yìn ìbò tí ẹni méjì sọ pé àwọn wọlé, ìwọdò Jọ́dánì dé Abobo. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, a yìnbọn lu àwọn obìnrin tí ń wọ́de láìmú ohun ìjà lọ́wọ́. 7 nínú wọn kú. Ní ọjọ́ bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn tí ń bá ìjọba ìgbà náà jà ya wọ Anonkoua-Kouté, abúlé àwọn Ébrié tí ó wà létí Abobo. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun ilé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, àwọn ọmọ ogun ìjọba ju àgbá sí ọjà Abobo, ó sì ju ènìyàn 20 lọ tí ó kú. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìhà méjèèjì ni ó sọkún. Ní àwọn àdúgbò mìíràn nínú Abidjan, àwọn ọ̀dọ́ dí ojú títì, wọ́n ń gba ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn láti ka orúkọ rẹ̀. Orúkọ ni ó di Ṣíbólẹ́tì.

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ní Abidjan yìí kan náà, a dìde sí àwọn ará Togo àti ará Dahomey, tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí. A sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní ilẹ̀ wọn. Àwọn ènìyàn wa púpọ̀ wà nínú wọn. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Ọkọ̀ kan náà ni Àlàájì àti Alàgbà jọ di ẹrù wọn sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí nínú ilé wa láti ìgbà pípẹ́: ẹ̀gbọ́n ń kírun, àbúrò ń kọrin ìyìn, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a sì jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Ogún ni èyí jẹ́ fún wa. Bí a bá tà á nítorí ìbò àwọn ẹlòmíràn, kí ni a ó fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fi lé ọwọ́ ìjọ gbogbo.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ àwọn aríran. Ìjọ tí ó gba ìṣípayá gbọ́ ni tiwa, a sì dúpẹ́ fún ẹ̀bùn náà. Ṣùgbọ́n nígbà ìjà yẹn, àwọn kan ní ilẹ̀ yìí ń kéde lórúkọ Olúwa ẹni tí Ọlọ́run ti yàn sórí àga. Ẹni tí ó gbọ́ irú ìran bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún un láti ka aládùúgbò rẹ̀ sí ọ̀tá Ọlọ́run. Bí ìran kan bá dé nípa ìbò, kí aríran náà mú un tọ àwọn alàgbà lọ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n sì fi í ṣe àdúrà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kéde rẹ̀ lórí àga ìwàásù.

Èkejì, kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣí sílẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí ìpakúpa dé Duékoué ní ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sá sí ọgbà ìjọ Àgùdà níbẹ̀. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí ń sá bọ̀ kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ya ara wa kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí a má sì ṣe yọ Mùsùlùmí kúrò nínú àjọ tí a ń dá. Ní ọdún 2020, ẹ̀jẹ̀ tún ta sílẹ̀ nítorí ìbò ní ilẹ̀ yìí. Kí ìjà tó dé ni a ń tún okùn ọ̀rẹ́ ṣe. Bí ó bá ti dé tán, kò sí àyè mọ́.

Ẹ̀yin ará, Olúwa wa kò dúró ní ìwọdò láti dán ahọ́n ẹnikẹ́ni wò. Nígbà tí amòfin kan bi í pé ta ni ọmọnìkejì òun, ará Samáríà ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí àwọn Júù kò bá jẹun pọ̀. Kí Ọlọ́run àlàáfíà pa ilẹ̀ Côte d'Ivoire mọ́, kí ó pa àlejò àti onílẹ̀ mọ́, kí ó sì jẹ́ kí a lè wí fún ẹni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà wa pé, "Ẹ wọlé." Àmín.