Àrùn Inú Igi Ẹ̀gẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ ará oko lè dùn ún wò, síbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tí í mú ewé kákò ti wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó bá rúwé ni àṣírí yóò tú. Owó ebè ti lọ nìyẹn. Àyẹ̀wò kan wà, LAMP lorúkọ rẹ̀: ewé díẹ̀ tí a gún, omi àyẹ̀wò, ooru ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì 65. Bí fáírọ́ọ̀sì náà tilẹ̀ kéré, ó lè fara hàn kí wákàtí kan tó pé. Ẹgbẹ́ tó ń gbin igi fún títà ni kó náwó sí i. Ẹ̀yin yòókù, ẹ sàmì sí igi tí ara rẹ̀ dá nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti hú ẹ̀gẹ́ tán, ojú ò lè yà á mọ́.