Ìbéèrè àti Ìdáhùn ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà wí pé, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kì í kúrò ní ipò rẹ̀ nígbà tí a bá fi béèrè, "ǹjẹ́" ni a fi ṣáájú: "Àìná dé", "Ǹjẹ́ Àìná dé?" Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Òun a máa gbé "is", "can", "will" àti irú wọn ṣáájú olùwà: "She is well" a di "Is she well?" Níbi tí kò bá sí irú wọn, a ó yá "do" lò. Bí ó bá ṣe ohun tí ó ti kọjá, "did" ni yóò ru àmì àkókò náà: "He came" a di "Did he come?", kì í ṣe "Did he came?"

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dáhùn lè ṣìnà. Bí adájọ́ bá bi ẹlẹ́rìí pé, "Did you not see him?", tí ẹlẹ́rìí kò sì rí ẹni náà, ọkàn Yorùbá rẹ̀ a wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò rí i", ẹnu rẹ̀ a sì wí pé, "Yes." Létí Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i nìyẹn! Olóòótọ́ di ẹlẹ́rìí èké láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó béèrè ni Yorùbá ń gbà tàbí kọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń dáhùn sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti fi gbólóhùn pípé dáhùn: "No, I did not see him." Èyí kò ní àṣìgbọ́ nínú.