Kí A Tó Dáná Sun Oyin Etí Odò: Ọ̀rọ̀ tí a Sọ Níbi Ìpàdé Ọdọọdún



Àwọn kan nínú wa ti ń gbèrò láti dáná sun oyin tí ó wà nínú ihò igi ìrókò etí odò, nítorí pé ó ta àwọn ọmọdé. A kò sọ pé wọn kò ní ìdí. Ẹni tí oyin bá ta ni ó mọ oró rẹ̀, oyin ilẹ̀ wa sì gbóná ju ti ilẹ̀ òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣáná sí i, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń rán oyin.

Kòkòrò oyin lè fò tó kìlómítà 3, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kúrò ní ilé rẹ̀. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún wọn ni í gbé nínú ilé kan. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ inú òdòdó, tí wọ́n ń mu omi odò, tí wọ́n sì ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Irun kún ara wọn, eruku a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ó pọ̀ nínú ohun tí ó wà lára ewé, nínú omi àti nínú afẹ́fẹ́ yóò bá wọn dé ilé, yóò sì wọ inú oyin, ìda àti ìyẹ̀fun òdòdó tí wọ́n kó pamọ́. Kò sí wolé-wolé tí ó lè yẹ ilẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé. Òjé ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù, èéfín sì gbé eruku òjé náà lọ. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n bu oyin láti àwọn ilé oyin Paris, àwọn onímọ̀ Yunifásítì British Columbia ní Kánádà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Oyin àwọn àdúgbò tí atẹ́gùn gbé èéfín náà gbà ní òjé nínú ju ti àwọn àdúgbò yòókù lọ. Kì í ṣe ìwọ̀n tí ó lè ṣe ẹni tí ó bá lá a ní jàm̀bá. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí iná ti kú, oyin ṣì ń jẹ́rìí ọ̀nà tí èéfín gbà. Àwọn oyin tí wọ́n ń sìn lórí òrùlé ilé kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà kò kú nínú iná yìí, ohun ìyanu ni.

Ní pápákọ̀ òfurufú Düsseldorf ní Jámánì pẹ̀lú, ọdún 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yẹ oyin wò láti mọ ipò afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá àpò wa mu jù lọ ni ti Ítálì. Ní àwọn ọdún 1980, Giorgio Celli ti Yunifásítì Bologna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé agbọ̀n sí abẹ́ ilé oyin, wọ́n sì ń ka òkú oyin tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òkú díẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, nítorí ẹ̀mí oyin kò gùn. Bí òkú bá pọ̀ lójijì, wọn a fura pé wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò nítòsí, wọn a sì gbé òkú náà lọ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ irú oògùn tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ oókà lè ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí.

Ìlú oníkòkó ni ìlú wa. Àwọn àgbà rántí Gammalin 20, tí a ń rà fún kòkó, tí àwọn aláìbìkítà sì ń dà sínú odò láti fi pa ẹja. Lónìí, irú imidacloprid àti thiamethoxam ni à ń fín. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ka méjèèjì léèwọ̀ ní oko gbangba ní ọdún 2018 nítorí oyin. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland sọ pé àwọn yẹ oyin 198 wò láti apá ibi púpọ̀ ní ayé, àti pé nínú mẹ́rin, mẹ́ta ni àwọn ti bá irú oògùn bẹ́ẹ̀. Odò tí oyin ìrókò yẹn ń mu, òun náà ni àwọn ará oko wa ń pọn.

Oyin kò lè sọ ohun gbogbo fún wa. Àìsàn àti ebi a máa pa òun náà. Nítorí náà kí ẹni tí ó bá rí òkú rẹ̀ má ṣe sáré fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a pe ẹni tí ó mọ oyin sìn, kí ó fi èéfín díẹ̀ kó wọn sínú àpótí ní ìrọ̀lẹ́, kí a dí ihò igi náà, kí a sì gbé àpótí náà sí òdì kejì odò, níbi tí àwọn ọmọdé kì í gbà. Kí a gbé àpótí kejì sí ẹ̀yìn oko kòkó. Kí olùkọ́ kan máa kọ iye òkú sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá ní ìgbà tí a bá ń fín oògùn. Ẹni tí yóò bá sì fín in, kí ó dúró di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oyin bá ti wọlé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó àti ní Òkè-Òkun, owó àpótí àti owó àyẹ̀wò ni a ń retí lọ́wọ́ yín. Akápò ti ṣí ojú ìwé kan fún un, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ dáná náà sì ti gbà láti dúró di ìparí oṣù tí ń bọ̀.