Jogaila, àjèjì tó jọba ní Poland: Kí ló san kí ọmọ rẹ̀ tó rí adé dé?

Bí ọba bá wàjà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ará ìlú ni pé: ta ló kàn? Níbi tí ọmọ oyè bá ti pọ̀, ìjà ló sábà máa ń dá sílẹ̀. Níbi tí kò bá sì sí ọmọkùnrin láàfin, àwọn afọbajẹ lè wá ọba lọ sí òkèèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Poland nìyẹn lọ́dún 1386. Ọkùnrin kan wá láti Lithuania, ó gorí ìtẹ́, ìdílé rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún 186. Jogaila lorúkọ rẹ̀. Jagiełło ni àwọn ará Poland ń pè é.

Báwo ni àjèjì ṣe dé ààfin Kraków?

Lọ́dún 1377 ni bàbá Jogaila, Algirdas, kú, tí òun sì di olórí Lithuania. Lásìkò náà, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ yìí kò tíì gba ẹ̀sìn Kristẹni. Òrìṣà ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń bọ. Èyí ni ẹgbẹ́ ológun àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń pè ní Teutonic, tó fìdí múlẹ̀ sí Prussia, fi ṣe àwáwí láti máa gbógun tì wọ́n léraléra.

Ilé pàápàá kò tòrò. Jogaila àti Kęstutis, àbúrò bàbá rẹ̀, ń du ipò. Lọ́dún 1382, inú àhámọ́ ní Kreva ni Kęstutis kú sí. Vytautas, ọmọ rẹ̀, ráyè sá lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá Teutonic ló sì forí lé.

Lọ́dún kan náà ni Louis, ọba tó ń ṣàkóso Hungary àti Poland, wàjà láì ní ọmọkùnrin. Àwọn ìjòyè Poland mú Jadwiga ọmọ rẹ̀, wọ́n dé e ládé ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 1384. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni. Ẹ kíyè sí i pé ọba gan-an ni wọ́n fi í jẹ, kì í ṣe olorì.

Wọ́n ti fẹ́ ẹ sọ́nà fún William, ọmọ ọba Austria, láti kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè kò fẹ́ ọkọ yẹn. Jogaila ni wọ́n yàn. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Kreva lọ́dún 1385, ó ṣèlérí pé òun yóò ṣe ìrìbọmi, òun yóò mú àwọn ènìyàn òun wọ ẹ̀sìn náà, òun yóò sì so ilẹ̀ òun mọ́ adé Poland.

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1386, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ tuntun, Władysław. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló gbé Jadwiga níyàwó. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, wọ́n dé e ládé.

Àǹfààní wo ni ìgbéyàwó yìí mú wá?

Lọ́dún 1387, Jogaila padà sílé láti ṣètò ìrìbọmi àwọn ará Lithuania. Ó parí ìjà pẹ̀lú Vytautas lọ́dún 1392, ó sì fi àkóso Lithuania lé e lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 1410, àwọn méjèèjì jọ kó ogun lọ sí Grunwald. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn Teutonic, Ulrich von Jungingen, olórí wọn, sì kú sójú ogun.

Kí ló wá dé tí adé fi di gbèsè?

Jadwiga ló ni ìtẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1399, ọmọ tó bí kú, òun náà sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. Kò tíì ju nǹkan bí ẹni ọdún 25 lọ.

Jogaila fẹ́ ìyàwó mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ìyàwó kẹrin, Sophia, tó bí ọmọkùnrin fún un lọ́dún 1424. Ayọ̀ ńlá ni. Àmọ́ ọmọ náà kò ní ẹ̀jẹ̀ ìdílé ọba Poland àtijọ́ lára, àwọn ìjòyè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jọba, kí ló máa fún àwọn?

Lọ́dún 1425, wọ́n kọ ìwé pé àwọn gba ọmọ náà. Nígbà tí ọba kọ̀ láti fọwọ́ sí ohun tí wọ́n béèrè, wọ́n fa idà yọ ní Łęczyca lọ́dún 1426, wọ́n sì gé ìwé náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ níṣojú rẹ̀.

Ọba gbà nígbẹ̀yìn. Ní Jedlnia lọ́dún 1430, àti ní Kraków lọ́dún 1433, ó fara mọ́ ọn pé wọn kò ní mú ọlọ́lá tó ní ilẹ̀ láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Àwọn ìjòyè náà gbà pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jọba, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò yan èyí tó wù wọ́n.

Jogaila wàjà ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1434. Ọmọ rẹ̀ àgbà jọba ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì kú sójú ogun ní Varna lọ́dún 1444. Casimir, àbúrò rẹ̀, gorí ìtẹ́ Poland lọ́dún 1447. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin Casimir ló jọba, ọ̀kan nínú wọn ní Bohemia àti Hungary.

Síbẹ̀, àìrọ́mọ ló tún pa ilé náà dé. Lọ́dún 1572, Sigismund Augustus, ẹni tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, wàjà láì ní ọmọ. Lọ́dún 1573, àwọn ọlọ́lá péjọ, wọ́n dìbò, wọ́n sì mú Henry wá láti ilẹ̀ Faransé.

Agbára láti yan ọba, tí Jogaila fi lé àwọn ìjòyè lọ́wọ́ nítorí ọmọ rẹ̀, kò kúrò lọ́wọ́ wọn mọ́. Ohun tí Jadwiga fi sílẹ̀ ní tirẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ó ní kí wọ́n ta àwọn ohun ẹ̀ṣọ́ òun, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbé yunifásítì Kraków dìde. Lọ́dún 1400, ó tún ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Orúkọ ìdílé Jagiełło ló ń jẹ́ lónìí.