ÌWÉ ÌṢIRÒ ARA: Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ FÚN ÀWỌN Ọ̀DỌ́ MÙSÙLÙMÍ NÍ ILÉ-IFẸ̀

  

Ohun tí ọ̀rọ̀ òní dá lé kò ná ènìyàn ní owó púpọ̀. Ìwé pélébé kan àti bírò kan ti tó. Síbẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí là. Òun ni kí ènìyàn máa kọ ohun tí ó fi ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀: bí ó ṣe rìn tó, ohun tí ó jẹ, iye wákàtí tí ó sùn, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìwé ìṣirò ara.

Ìdí tí ó fi kan ọ̀dọ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbà pé àwọn àgbàlagbà nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kàn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí orí fífọ́, láìsí ibà, títí di ọjọ́ tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ yóò gbé onítọ̀hún ṣánlẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ẹbí yóò máa wá ẹni tí ó ṣe é, tí wọn yóò ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé iyọ̀ àjẹjù, ìjókòó àjókòójù àti ìsanrajù ti ń ba nǹkan jẹ́ lára rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ogún ọdún.

Ní ọdún 1997, Richard Cooper àti àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn ènìyàn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Cameroon, nǹkan bí 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, wọ́n tó 26. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tó 33. Orírun kan náà ni gbogbo wọn ní. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọ̀nà ìgbé-ayé wọn, pàápàá bí wọ́n ṣe sanra tó àti bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú oúnjẹ wọn.

Ẹ wá wo Ilé-Ifẹ̀ lónìí. Baba tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó ṣe eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà láti Lagere dé Mayfair, ó ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti oúnjẹ ọ̀sán, ó sì ń wo fóònù títí di ààjìn òru. Ìyàtọ̀ tí ìwádìí yẹn rí láàárín ilẹ̀ wa àti òkè òkun ti ń wọ inú ilé wa díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ bi ọ̀dọ́ kan léèrè bí ó ṣe rìn tó ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Yóò ní, “Mo rìn púpọ̀.” Ẹ bi í ní iye ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó mu. Yóò ní, “Kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.” Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Ọkàn ènìyàn ni ó máa ń ṣe agbẹjọ́rò fún olúwa rẹ̀: a tètè máa ń rántí ohun tí ó yẹ wá, a sì tètè máa ń gbàgbé ohun tí kò yẹ wá. Ìyá oníṣòwò tí ó ń ta àwìn láìkọ ọ́ sílẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní ìparí oṣù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ara. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe gbèsè tí a kò ní san.

Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì láàárín Mùsùlùmí. Muhásábà ni àwọn onímọ̀ ń pe kí ènìyàn máa ṣírò ara rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ni al-Harith al-Muhasibi, ẹni tí ó kú ní Baghdad ní ọdún 857, ti gba orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n. Al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, fi odidi apá kan nínú ìwé ńlá rẹ̀, Ihya, ṣàlàyé rẹ̀. Ó sì fi ọkàn wé alájọṣòwò tí a gbọ́dọ̀ máa bá ṣírò èrè àti àdánù. Bí ọkàn bá yẹ ní ṣíṣírò, ara tí ó ń gbé ọkàn lọ sí ibi ìrun àti ibi iṣẹ́ yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Abdullah ọmọ Amr ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó sì ń fi gbogbo òru kírun, Ànábì rán an létí pé ara rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Àwọn tí ó ti kọ irú ìwé báyìí ṣáájú wa pọ̀. Ibn al-Banna, onímọ̀ kan ní Baghdad, kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀; apá tí ó kù nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ ti ọdún 1068 sí 1069, wà ní ìkọ̀wé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ítálì, oníṣègùn Santorio fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wọn ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí ìwọ̀n, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1614. Nítòsí wa ní Ìbàdàn, Akinpelu Obisesan fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, títí kan ìdààmú gbèsè rẹ̀. Ìwé náà wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó kọ nípa ìlera, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ̀ pé ọpọlọ nìkan kò tó fi tọ́jú ọjọ́.

Ìwádìí òde òní jẹ́rìí sí àǹfààní rẹ̀. Ní ọdún 2008, a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n tó nǹkan bí 1,700, tí wọ́n fẹ́ dín ìsanra wọn kù. Àwọn tí wọ́n ń kọ oúnjẹ wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́ fọn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn tí kò kọ ohunkóhun. Kì í ṣe yíǹkì ni ó ṣe é. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò kọ pọ́fù-pọ́fù karùn-ún sílẹ̀ ní alẹ́ yóò kọ́kọ́ rò ó kí ó tó nawọ́ sí i.

Ohun márùn-ún tí a lè máa kọ

Èkíní ni ìrìn àti eré ìdárayá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ara fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Kí ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 18 sì máa ṣe nǹkan bí 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìrìn kíákíá wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù gbígbá àti oko ríro náà sì wà níbẹ̀.

Èkejì ni oúnjẹ: ohun tí a jẹ àti àkókò tí a jẹ ẹ́, iye ìgbà tí a jẹ èso àti ẹ̀fọ́, iye ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìpo-tíì kan lọ. Iyọ̀ tí ó wà nínú magí wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni oorun: ìgbà tí a sùn àti ìgbà tí a jí. Ẹni tí yóò jí kírun Àṣùbáà, tí ó sì nílò wákàtí méje, gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pa iná.

Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n ara, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n lè fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀jẹ̀. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ilé-ìwòsàn, kí a kọ nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí onítọ̀hún lọ rí dókítà láìjáfara.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí a tó sùn, ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àkàwé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó rí i nínú ìwé rẹ̀ pé òun rìn fún 35 ìṣẹ́jú péré, òun mu ìgò mẹ́sàn-án, òun sì sùn lẹ́yìn agogo méjìlá òru nígbà márùn-ún. Kò dá gbogbo rẹ̀ dúró lójijì. Ìrìn nìkan ni ó mú: ó fi ọ̀kadà sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn fún 20 ìṣẹ́jú láti Àtìní dé Jímọ̀. Ní ìparí oṣù, ìrìn rẹ̀ ti di 135 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ó ku 15 kí ó pé, ó sì mọ̀ ọ́n. Kí ìwé náà tó dé, kò mọ̀.

Ìkìlọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe purọ́ sínú ìwé tí òun nìkan yóò kà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe ṣekárími láàárín ẹgbẹ́. Ìwé náà wà fún àtúnṣe. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìkọ, ẹ má ju ìwé nù: ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì máa bá a lọ. Bí ìwé bá mú kí ọ̀dọ́ kan máa bẹ̀rù oúnjẹ, tí ó ń fi ebi pa ara rẹ̀, kí ó dá kíkọ dúró, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ lọ òbí àti dókítà. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ dára. Ó lè jẹ́ pé oògùn náà ni ó mú un dára.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ni ìkòkò ọbẹ̀ wà. Ọmọ kò lè dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀ tí kò sè. Ẹ kọ ìwé tiyín náà. Nínú oṣù Ràmàdáánì, yóò fi hàn yín bóyá ààwẹ̀ ń mú ara fúyẹ́, tàbí oúnjẹ ìṣínu ń dá gbogbo rẹ̀ padà.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù ní ìwé kan, kí ó sì kọ ọjọ́ kìíní sínú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi sìn Ín, kí Ó sì jẹ́ kí ìṣirò wa rọrùn ní ayé àti ní ọ̀run. Àmín.