Bátìrì Tí Ó Yẹ Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí ni ọ̀rọ̀ bátìrì, ohun tí a fi ń pa iná oòrùn mọ́ di alẹ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yí sí oòrùn, èyí tí Ọlọ́run fi jíǹkí ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn láìdíwọ̀n. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n páànẹ́ẹ̀lì orí òrùlé lè lò tó ogún ọdún. Bátìrì ni ó ń kọ́kọ́ kú. Bí bátìrì bá sì kú, aránṣọ a padà sídìí jẹnẹrétọ̀, ọmọ ilé-ìwé a padà sídìí tọ́ọ̀ṣì, ọmọ tí ó fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun a sì máa rò pé wọ́n jẹ owó òun mọ́lẹ̀ ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó mú ìrọ̀rùn wá a di ìjà ẹbí.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ọjà, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti ìwé àti gègé, kí ó ṣírò ohun tí ilé rẹ̀ ń jẹ ní alẹ́ kan. Gílóòbù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9 wáàtì, bí a bá tàn wọ́n fún wákàtí 5, yóò jẹ 180 wáàtì-wákàtí. Fáànù kan tí ó jẹ́ 50 wáàtì, fún wákàtí 8, yóò jẹ 400. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ó jẹ́ 60 wáàtì, fún wákàtí 4, yóò jẹ 240. Fóònù mẹ́ta yóò jẹ nǹkan bí 45. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 865. Ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, kí ẹ pè é ní 1,000. Bí a bá ka wákàtí 4 oòrùn gidi fún ọjọ́ kan, tí a sì yọ ohun tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà, páànẹ́ẹ̀lì ilé náà kò yẹ kí ó dín ní 350 wáàtì. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú lásìkò òjò, kí ilé náà kọ́kọ́ pa fáànù.

Ní ti bátìrì, oríṣi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń lò. Èkíní ni bátìrì mọ́tò. A ṣe é láti fún ẹ́ńjìnnì ní agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, lẹ́yìn èyí tí mọ́tò yóò dá a padà kún. Òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí a bá ń fa iná inú rẹ̀ tán ní alaalẹ́, kì í pẹ́ kú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín fún iṣẹ́ oòrùn.

Èkejì ni bátìrì olójé tí a ṣe fún iṣẹ́ oòrùn. Gaston Planté, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ ní ọdún 1859, ìdílé kan náà ni èyí sì ti wá. Òjé inú rẹ̀ nípọn, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a lò ju ìdajì iná inú rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti sinmi, tí mítà fi 12.7 fóltì hàn, ó kún. Bí ó bá fi 12.2 hàn, ó ti tó ìdajì, ó sì yẹ kí a dá ọwọ́ dúró. Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru. Bí ibi tí a gbé e sí bá fi ìwọ̀n 10 gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ, ẹ̀mí rẹ̀ a máa dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru oṣù Kẹta níhìn-ín yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì lítíọ́mù, èyí tí a pò mọ́ irin àti fọ́sífétì, tí a máa ń kọ LiFePO4 sí ara rẹ̀. Ní ọdún 1997 ni John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Ní ọdún 2019 ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ bátìrì lítíọ́mù. A lè lò ó dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún láìpa á lára. Ìdí nìyí tí bátìrì lítíọ́mù 100 Ah kan fi lè ṣe iṣẹ́ olójé 200 Ah fún ilé tí a ṣírò lókè yìí: èkíní yóò fún wa ní bí 1,024 wáàtì-wákàtí, èkejì ní 1,200.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò owó. Iye tí a óò dá yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, nítorí ọjà ń yí padà. Ká ní olójé náà jẹ́ 300,000 náírà, tí ó sì lè gba kíkún àti lílò 500 ìgbà. Ká ní lítíọ́mù jẹ́ 600,000, tí ó sì lè gba 3,000 ìgbà. Olójé yóò ná wa ní 600 náírà ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì ní tó ọdún kan àtààbọ̀ kí a tó tún ra òmíràn. Lítíọ́mù yóò ná wa ní 200 náírà ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì lò tó ọdún mẹ́jọ. Èyí tí ó pọ̀ lójú ọjà ni ó wọ́n nínú ilé. Nítorí náà, kí a má bi olùtajà pé, "Èló ni?" kí a sì dákẹ́. Kí a tún bi í pé, "Ìgbà mélòó ni yóò gba kíkún, kí sì ni ìwé àdéhùn yín sọ?"

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó jókòó sínú òkùnkùn. Bí iná díẹ̀ ni ẹnìkan ń fẹ́, tí ó sì lè tọ́jú olójé, tí ó ń fi omi bátìrì sí i lásìkò, tí ó gbé e sí ibi tí ó tutù tí atẹ́gùn ń wọ̀, olójé yóò sìn ín. Kí ó má ṣe gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn, nítorí èéfín rẹ̀ lè gbaná. Kí ó má sì so ògbólógbòó mọ́ tuntun. Èyí tí ó ti rẹ̀ yóò fa èyí tí ó lágbára wálẹ̀. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹgbẹ́ àjọ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lè máa ra lítíọ́mù fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó epo tí kò rà mọ́.

Ní ọjà, kí a la ojú wa sílẹ̀. Olójé 200 Ah gidi a máa wúwo tó nǹkan bí 60 kílò. Bí ọmọdé bá lè gbé e, irọ́ ni ohun tí a kọ sí i lára. Kí a wo ọjọ́ tí a ṣe é, nítorí olójé tí ó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù láìgba iná ti ń kú lọ. Kí a gba rìsíìtì. Kí a sì bi oníṣẹ́ iná bóyá ẹ̀rọ tí ń darí iná wọ inú bátìrì bá lítíọ́mù mu, nítorí ètò tí a ṣe fún olójé kì í sábà bá a mu. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má ṣe di bátìrì báyìí mọ́ ẹrù yín: àwọn ọkọ̀ òfuurufú èrò kò gba lítíọ́mù tí ó ju 160 wáàtì-wákàtí lọ. Ẹ fi owó ránṣẹ́, kí a rà á nílé níbi tí ìwé àdéhùn rẹ̀ yóò ti wúlò.

Ó tún kù. Bátìrì tí ó pọ̀ jù lọ ni èyí tí a kò nílò láti rà. Ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga lè ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ń ràn, kí omi kún táǹkì kí alẹ́ tó lẹ́. Fíríìjì àjẹsára tí ó yẹ kí ó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ní irú kan tí oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́ tààrà, tí ń pa òtútù mọ́ sínú yìnyín dípò bátìrì. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìlú, ẹ jẹ́ kí a béèrè irú wọ̀nyí ná.

Bí bátìrì olójé bá kú, ẹ má fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ni ó kú láàárín ọdún 2007 sí 2008 níbi tí wọ́n ti ń yọ òjé nínú ògbólógbòó bátìrì. Ẹ tà á ní odindi fún ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ fún un.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní sí ẹgbẹ́ wa. Ibikíbi tí ẹgbẹ́ bá gbé iná oòrùn sí, kí àpò owó bátìrì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tí a bá tẹ̀lé àpẹẹrẹ òkè yìí, 200 náírà lálaalẹ́ jẹ́ 6,000 náírà lóṣù. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí a bá tàn ní Ogbooro pẹ́ kí ó tó kú. Ire o.