Ẹ Yọ̀ǹda Àwọn Ọmọ fún Ẹ̀kọ́ Èdè
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Ẹ mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń wá kọ́ṣẹ́ tíṣà ní àwọn ilé-ìwé agbègbè Ìjẹ̀bú. Ìjagun kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Táí Ṣólárìn wà, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní 2005, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbà ní 2025. Àwọn kan nínú wọn ń kọ́ Yorùbá, àwọn kan Faransé, àwọn kan Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí á bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa jókòó ti àwọn ọmọ wa fún wákàtí kan lẹ́yìn ilé-ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa bá wọn kàwé, kí wọ́n máa bá wọn sọ èdè.

Ẹ lè ní, ṣebí tíṣà wà? Ó wà. Ṣùgbọ́n tíṣà kan, ọmọ rẹpẹtẹ. Ọmọ tó bá sì ń bẹ̀rù ẹgba kò ní lanu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, bí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún wọn. Bí ọmọ bá ṣì í sọ, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un sọ. Ọmọ tó bá sì rí i pé èdè ló gbé ẹnì kan dé yunifásítì, òun náà á fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan àwa ìyá. Púpọ̀ nínú wa ni kì í fẹ́ kí ọmọ sọ Yorùbá nílé, a ní kó má baà ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù, ọdún 6 gbáko. Tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ìwé kẹrin, àwọn ọmọ yìí ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ ò rí i pé a ò lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba? Akẹ́kọ̀ọ́ ń ti Amẹ́ríkà wá sí Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ Yorùbá, tiwa ń sá fún un. Ti Ìjẹ̀bú wa tiẹ̀ wá le jù, ẹnu ìyá ni ọmọ ti ń gbọ́ ọ, kì í ṣe inú ìwé.

Faransé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Kútọnu àti Lomé, ẹ mọ̀ pé inú èrè la ti ń yọ owó ògbufọ̀. Ní Bádágìrì, Abúlé Èdè Faransé ti wà láti 1991. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti yunifásítì wa máa ń lọ gbé, tí wọ́n ń fi èdè náà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ti ibẹ̀ dé lè kọ́ ọmọ wa bí a ti ń kí ènìyàn, bí a ti ń ka owó, bí a ti ń ná ọjà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Èkíní, kí á fún wọn láyè ní ibi ìpàdé wa yìí, níbi tí gbogbo ojú ti ń rí wọn. Kí ìyá méjì máa jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe tán. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sí yàrá. Kí ọ̀gá ilé-ìwé náà mọ̀ sí i.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó ọkọ̀ àti omi mímu. Kí ẹnikẹ́ni má sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù: kí á má gbé igbá lé ọmọ lórí ní wákàtí náà. Mo mọ̀ pé owó ìkiri ọmọ ló ń ra ọbẹ̀ nílé ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀, kó má sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ẹni tí èyí bá sì ni lára, kó gbé ọjà náà wá, ká bá a tà á lórí àtẹ tiwa lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ kí la wá ń ṣe bí a ò bá lè ṣe ìyẹn fún ara wa?

Ẹni tó bá gbà, kó mú orúkọ ọmọ rẹ̀ wá fún mi kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Bí orúkọ bá ti pọ̀ tó, Ìyálọ́jà á ṣáájú wa lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, lẹ́yìn náà a ó kọrí sí Ìjagun.

Ọjà á tà o. Ọmọ wa ò ní yàgàn ọgbọ́n.

Akọ̀wé ẹgbẹ́